Òkè wo ni Clapperton gùn kó tó dé Ọ̀yọ́?

Inú ọkọ̀ tó ń ti Owódé l'Ọ̀yọ́ bọ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn ń ka nǹkan lórí fóònù rẹ̀, ló bá ní, "Ẹ gbọ́ o, wọ́n ní àárín òkè ńláńlá ni àwọn òyìnbó gbà kí wọ́n tó dé Ọ̀yọ́." Bàbá tó wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà yíjú padà. "Òkè wo? Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń rin ọ̀nà yìí. Láti Ìbàdàn títí wọ Ìlọrin, ibo lo ti rí òkè níbẹ̀?" Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú, sà, ohun tí wọ́n kọ ni mo kà." Ìyá kan ní bóyá Òkè-Ògùn ni wọ́n ń wí. Ẹlòmíràn ní rárá, Òkè Ọya ni. Ká tó dé Odò-Ọbà, gbogbo wa ti di lọ́yà.

Bàbá ò purọ́, ọmọ náà ò sì purọ́. Ọ̀yọ́ tí bàbá ní lọ́kàn kọ́ ni Ọ̀yọ́ tó wà nínú ohun tí ọmọ náà ń kà, òkè tí ìyá ń wí kọ́ sì ni òkè tí àwọn òyìnbó yà sórí máàpù wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ariwo pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ níbí.

Ti Ọ̀yọ́ ló yá, ká fi ti ẹ̀ ṣíwájú. Ọ̀yọ́ tí a ń wọkọ̀ lọ lónìí, Ọ̀yọ́ Àtìbà ni, èyí tí Aláàfin Àtìbà sọ di olú ìlú ní Àgọ́ Ọjà ní nǹkan bí 1837, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ Ọ̀yọ́-Ilé. Ọ̀yọ́-Ilé yìí ni òyìnbó arìnrìn-àjò tó ń jẹ́ Hugh Clapperton àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Richard Lander, wọ̀ ní January 1826, nígbà ayé Aláàfin Májòtú. Katunga ni àwọn Haúsá ń pe ìlú náà, orúkọ yẹn ni Clapperton sì kọ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ka ìwé rẹ̀ tí wọn ò mọ̀ pé ilé àwọn ni ó ń sọ. Àárín Ọ̀yọ́ méjèèjì lé ní kìlómítà 120. Ọ̀yọ́-Ilé wà nítòsí odò Móṣì, lẹ́bàá ilẹ̀ Ìbàrìbá. Tí èèyàn bá dúró sí Ògbómọ̀ṣọ́, àríwá ni yóò kọjú sí kó tó kọjú sí Ọ̀yọ́ àtijọ́, gúúsù ni yóò sì kọjú sí kó tó kọjú sí Ọ̀yọ́ ti òní.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń ti etíkun bọ̀ ní 1826 kò ní ohunkóhun í wá lójú ọ̀nà tí à ń gbà yìí. Bádágírì ni Clapperton ti gbéra ní December 1825. Ó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, ó wá gba apá ìwọ̀ oòrùn gòkè lọ, nínú ilẹ̀ tí à ń pè ní Òkè-Ògùn. Méjì nínú àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ wá, Pearce àti Morrison, ti kú kí oṣù yẹn tó parí. Àìsàn ló mú wọn lọ. Clapperton fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó ṣáà ń rìn ni.

Kí ló dé tí ọ̀nà ọba fi gba apá ibẹ̀? Ẹṣin ni. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi ń jagun, ẹṣin kì í sì í pẹ́ nínú igbó kìjikìji, nítorí kòkòrò tsetse tó ń gbé àìsàn kiri níbẹ̀. Ní apá ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ ọ̀dàn sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù ju bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀dọ̀ Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú lọ. Ẹlẹ́ṣin lè gba inú ọ̀dàn náà títí yóò fi sún mọ́ etíkun. Ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sí Àjàṣẹ́ etíkun (Porto-Novo) àti Bádágírì, òun ni owó ẹyọ àti aṣọ òyìnbó ń gbà gòkè wá. Nǹkan tí Ọ̀yọ́ fi lówó lọ́wọ́ ló ń rìn níbẹ̀, kò sì ní fẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Òkúta sì wà ní ọ̀nà yẹn lóòótọ́. Òyìnbó náà kọ ọ́ pé òkúta akọ tò léra wọn lọ́tùn-ún lósì, tí ojú ọ̀nà sì ń gba ìdí wọn kọjá. Àsọdùn kọ́. Ẹni tó bá ti wọ Ìgbẹ́tì rí, tó rí bí òkè Ìyámọ̀pó ṣe dúró lé ìlú náà lórí, tàbí tó ti gba Ìséyìn lọ sí Ṣakí, mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn títí dòní. Tí ọ̀nà bá ti fẹ́ gba àárín òkúta méjì kọjá, àwọn dẹ́rẹ́bà á fọn fèrè kí wọ́n tó yọrí, nítorí o ò mọ ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì.

Ṣùgbọ́n ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń lọ́ mọ́ àwọn èèyàn lójú. Wọ́n á ní bí òkè bá wà, a jẹ́ pé ó tò bí ògiri nìyẹn, tí ọ̀nà sì wá ihò kan gbà. Irú rẹ̀ wà láyé. Láàrin Pakistan àti Afghanistan, òkè tò lọ súà, ibi díẹ̀ ló lanu fún ọ̀nà, Khyber sì ni wọ́n ń pe èyí tó lókìkí jù nínú wọn. Ẹni tó bá di ẹnu ibẹ̀ mú ti di ọ̀nà mú, nítorí kò síbi tí èèyàn máa yà sí. Òkè tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ebè ló ṣe rí nínú oko: ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ sì ń rìn láàrin wọn bó ṣe wù ú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹnu odi ìlú ni àwọn oníbodè wa ń jókòó sí gba owó. Bí wọ́n bá jókòó sáàárín òkè, àwọn oníṣòwò á gba ẹ̀yìn òkè kejì lọ, wọ́n á máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Òkè tiwa tún yàtọ̀ ní bó ṣe di òkè. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ńṣe ni òkúta náà wú jáde láti inú ilẹ̀ bí olú. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ò jìnnà: ẹ wo ibi tí katapílà ti gé ilẹ̀ sí méjì lójú ọ̀nà tuntun tó ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlọrin. Mo sọ̀ kalẹ̀ wò ó lọ́jọ́ kan tí táyà ọkọ̀ wa fọ́. Lókè pátápátá, ilẹ̀ tí koríko hù lé, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni yangí, pupa, ó le, ihò wà lára rẹ̀ bí afárá oyin. Nísàlẹ̀ yangí, mo rí ohun tó jọ òkúta lójú, àwọ̀ eérú àti àwọ̀ osùn tó pò pọ̀, ó sì ń dán yinrinyinrin níbì kọ̀ọ̀kan. Mo fọwọ́ kàn án, ó fọ́ sí mi lọ́wọ́ bí àkàrà àná. Òkúta tó ti rà ni. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá ni òkúta gidi wà, àmì ihò tí wọ́n lu láti fi fọ́ ọ ṣì wà lára rẹ̀.

Bí omi òjò ṣe ń ṣe é nìyẹn. Omi ń wọ ojú sísán tó wà lára òkúta, ó ń mú un rà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ibi tí sísán pọ̀ sí á tètè rà. Ibi tí òkúta náà ti dì mọ́ra kò ní rà bọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni òjò á wá máa gbá èyí tó ti rà lọ, fún ọdún tí ẹnikẹ́ni ò lè kà tán lẹ́nu. Òkúta akọ wọ̀nyí ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn. Èyí tó dì mọ́ra ló kù tó dúró. Òkè Ìgbẹ́tì ò gòkè wá bá wa, àwọn ilẹ̀ tó yí i ká ló sọ̀ kalẹ̀ fi í sílẹ̀.

Irú òkúta bẹ́ẹ̀ kì í dí ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó máa ń gba èèyàn là ni. Nígbà ogun, òkè ni Òkèhò sá gùn, wọ́n sì wà lókè náà títí di 1917, lẹ́yìn rògbòdìyàn Ìséyìn àti Òkèhò ti 1916, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí ìlú wà báyìí.

Ó wá ku òkè àwọn òyìnbó. Ìtàn yìí dùn mọ́ mi ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí odò wa ló dá a sílẹ̀. Ní 1796, Mungo Park, òyìnbó arìnrìn-àjò mìíràn, dé etí odò Ọya ní Ségou, ní ilẹ̀ Mali òde òní, ó rí i pé ìlà oòrùn ni odò náà ń ṣàn lọ. Wọ́n gbọ́ èyí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ìbéèrè sì dìde: odò tó tóbi tó báyìí, kí ló dé tí kò yà sí gúúsù lọ bọ́ sínú òkun? James Rennell, ọ̀gá nínú máàpù yíyà nígbà yẹn, dáhùn pé òkè ló dí i lọ́nà. Park ti mẹ́nu ba òkè kan tó wà ní apá ilẹ̀ Kong, ìlú tó wà ní Côte d'Ivoire lónìí. Rennell mú ìyẹn, ó sì fà á gùn. Lórí máàpù tó yà ní 1798, Òkè Kong tò láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, ó la gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà já bí ògiri àgbàlá.

Ẹ wá fojú inú wo Clapperton. Ó ti wo máàpù yẹn kó tó kúrò nílé. Ó ń ṣàìsàn, ó ń gòkè láti Bádágírì, òkúta sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́tùn-ún lósì. Kí ló máa sọ? Ó ní Òkè Kong rè é. Àwọn tó ń yà máàpù nílùú òyìnbó rí i kà, wọ́n ní ẹ ò rí i, ẹni tó débẹ̀ ti jẹ́rìí. Bí òkúta Òkè-Ògùn ṣe di ẹlẹ́rìí fún òkè tí kò sí nìyẹn.

Èyí tó ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Lander tó tẹ̀ lé e ló wú ìdí irọ́ náà, láìmọ̀. Ó padà wá ní 1830 pẹ̀lú John àbúrò rẹ̀. Wọ́n tún gba ilẹ̀ Yorùbá gòkè, wọ́n tún dé Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n lọ sí Bùsà, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lórí Ọya, wọ́n sì bá odò náà sọ̀ títí wọ́n fi bọ́ sínú òkun ní November ọdún yẹn. Odò tí wọ́n ní òkè dí lọ́nà ti gbé èèyàn dé òkun. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ òkè náà parí síbẹ̀. Kò parí. Wọ́n ṣáà ń yà á sórí máàpù títí Louis-Gustave Binger, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi rin ìrìn àjò rẹ̀ ti 1887 sí 1889. Ó dé Kong gan-an, ó wò títí, kò rí òkè tó jọ èyí tó wà lórí máàpù. Síbẹ̀, máàpù mìíràn ṣì wà tó jẹ́ pé ó di ọ̀rúndún ogún kí òkè náà tó kúrò lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sínú ìwé, ẹ mọ̀ pé kì í tètè kú.

Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí èdè wa fi "òkè" pe oríṣiríṣi nǹkan. Òkúta tó ga, òkè ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òkè la ń gùn lọ. Apá ibi tí odò ti ń ṣàn bọ̀, òkè odò ni. Òkè-Ògùn tí ìyá nínú ọkọ̀ dárúkọ, apá òkè odò Ògùn ló ń jẹ́, odò tó ti apá Ṣakí ṣàn gba Abẹ́òkúta lọ sí ọ̀sà Èkó. Ó kàn ṣẹlẹ̀ pé òkúta pọ̀ níbẹ̀, ni àlejò fi ń rò pé tìtorí òkúta ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òkè Ọya ńkọ́? Òdìkejì Ọya lápá àríwá ni. Kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ga. Ní Jẹ́bbà, níbi tí a ti ń sọdá Ọya, ilẹ̀ kò ga ju òkun lọ ju nǹkan bí mítà 100. Ògbómọ̀ṣọ́ lé ní mítà 300. Ẹni tó bá ní òun ń lọ sí Òkè Ọya láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìsàlẹ̀ ló ń lọ.

Ìyẹn ló gbé mi dé òkè kan tí a kì í rí, tí a sì ń gùn lójoojúmọ́. Ìbàdàn ga ju òkun lọ ní mítà 200 àti díẹ̀. Ọ̀yọ́ ga jù ú. Láti Ọ̀yọ́, ọ̀nà á sọ̀ kalẹ̀ lọ bá odò Ọbà, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè títí wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá tó ní kò sí òkè, ó ti gùn ún fún ogójì ọdún. Ohun tó fi bò ó lójú ni pé gígùn náà rọra ń ṣe ni, ó nà kọjá ọ̀pọ̀ kìlómítà. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́rù ló mọ̀ ọ́n, dẹ́rẹ́bà tírélà tó di símẹ́ńtì náà sì mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá dúró létí Odò-Ọbà, ẹ ó gbọ́ bí ọkọ̀ wọn ṣe ń yí ohùn padà bí wọ́n ṣe ń já jíà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo òrùlé páànù. Òjò tó bá bọ́ sí téńté rẹ̀, ìdajì á ṣàn sí iwájú ilé, ìdajì á ṣàn sí ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ náà ní téńté tirẹ̀, tiwa sì wà ní àdúgbò Ògbómọ̀ṣọ́ yìí. Omi tó bá ṣàn sí gúúsù bọ́ sínú Ọbà, Ọbà lọ bọ́ sínú Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun bọ́ sínú ọ̀sà. Omi tó bá ṣàn sí àríwá ń lọ bá odò Asà, Asà gba Ìlọrin kọjá, ó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ Ọya. Bákan náà ló rí ní Ọ̀yọ́-Ilé, nínú igbó ọba tí wọ́n sọ di ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ní 1991: odò Tessi ń lọ sọ́dọ̀ Ọya, Ògùn àti àwọn tó ń bọ́ sínú rẹ̀ ń lọ sí Èkó. Ibi tó ga jù nínú ọgbà náà kò ju mítà 508 lọ, ibi tó sì rẹlẹ̀ jù tó mítà 330. Gbogbo òkè tí wọ́n ní ó dí Ọya lọ́nà kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn á ti rí ohun tí mo rí. Ọya, Ọ̀ṣun, Ọbà: àwọn ìyàwó Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́. Orí òrùlé kan náà ni wọ́n ti ń pín omi, lórí ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Níbi tí Ọbà ti pàdé Ọ̀ṣun, wọ́n ní omi ń ru níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ etí tí Ọbà gé kò tíì tán nínú rẹ̀. Ọya ò sí nínú ìjà yẹn, ó gba apá tirẹ̀ lọ.

Báwo wá ni ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe di ojú ọ̀nà? Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, ọ̀nà ọba ti ìwọ̀ oòrùn kò ní orí mọ́. Àwọn èèyàn ń sá bọ̀ wá sí gúúsù, ọ̀pọ̀ sì wọ Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí ogun Ìlọrin ò rí i kó. Láàrin Ọ̀yọ́ tuntun àti Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà lójú ọ̀nà, ni ẹsẹ̀ bá pọ̀ sí i. Ní 1855, àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ti fi ibẹ̀ ṣe ibùdó. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kì í fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun tutù: á tẹ̀ lé orí ilẹ̀ tó ga láàrin odò kékeré méjì, á sì ṣẹ́ kọ́nà lọ wá ibi tí odò ti fẹ́lẹ́ kó tó sọdá. Nígbà tí mọ́tò dé, ojú ẹsẹ̀ yẹn náà ni wọ́n fẹ̀ lójú. Ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni, ní 1906. Reluwé ní tirẹ̀ kò wá sọ́dọ̀ wa rárá. Ó ti Ìbàdàn gba Òṣogbo àti Ọ̀ffà, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bbà ní 1909. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ò dúró de reluwé ṣá. Wọ́n ti tan ká Jọ́ọ̀sì, wọ́n ti dé Tamale ní Gánà, níbi tí wọ́n ti lé wọn ní 1969.

Gbogbo kọ́nà tó ń mú àwọn èèyàn sọ pé ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àtijọ́ ń pààyàn, àwọn tó ń sá fún omi ló yà á. Ọ̀nà oníbejì tuntun kì í sá fún omi, ó ń gé ibi tó ga, ó ń dí ibi tó rẹlẹ̀, ó ń kọ́ afárá. Wọ́n pín ti Ìbàdàn sí Ìlọrin sí mẹ́ta. Apá Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ àti ti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin parí, tiwa tó wà láàrin ló pẹ́ nílẹ̀. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin náà ń gbabẹ̀.

Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí a dé Tákíè lọ́jọ́ náà. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀ sábẹ́ ìsọ̀ kan, ó sì dúró wo bí omi ṣe ń sáré nínú gọ́tà.

"Èyí ńkọ́," ó ní, "ti èwo nínú àwọn ìyàwó Ṣàngó ni?"

Mo ní ó jọ pé ti Ọbà ni.

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ni bàbá wí, "ẹ ò rí bó ṣe ń bínú."